Pẹ́ńsùlù Lábẹ́ Táǹkì

Pẹ́ńsùlù náà ṣì há sí Káfíńtà létí nígbà tí wọ́n rí i. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀, ó ti bo ọrùn, ó ti ṣàn wọ inú iyẹ̀pẹ̀ bí omi ìfọṣọ tí wọ́n dà nù, ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù pẹlẹbẹ tó fi ń ṣiṣẹ́ kò yẹ̀ nípò. Inú ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ti pa tì ni, ní ọ̀sán gangan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Pẹ́ńtà, ló kọ́kọ́ wọlé. Ó wólẹ̀ sórí eékún, ó gbé etí lé àbúrò rẹ̀ láyà. Ohun tó gbọ́ kò ju kí èèrà máa rìn lórí ewé gbígbẹ lọ.

"Ó ń mí! Ẹ gbé mọ́tò wá! Ẹ̀yin èèyàn, ó ń mí!"

Háńmà ni wọ́n fi fọ́ ọ lórí, ẹ̀ẹ̀mejì, láti ẹ̀yìn. Àpò owó ti lọ. Alùpùpù àtijọ́ tó tìtorí ẹ̀ wá náà ti lọ. Ojú táyà nìkan ló kù nílẹ̀.

Nílé ìwòsàn, Sájẹ́ńtì, obìnrin kúkurú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, dúró ti ìyàwó Káfíńtà.

"Ta ló pè é?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Orúkọ ńkọ́?"

"Kò dárúkọ. Ó ní alùpùpù bàbá òun ni òun fẹ́ tà. Ọkọ mi lọ wò ó lọ́jọ́ Ẹtì, ó dé, ó ń jó kiri ilé bí ọmọdé. Ó ní aláwọ̀ ewé ni, ó jọ èyí tí bàbá wọn gùn. Ó padà lọ lónìí láti sanwó."

"Ojú ọkùnrin yẹn?"

"Ohùn ẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ lórí fóònù. Ohùn bí oyin, mà. Bó bá ní kẹ́ ẹ jókòó síná, ẹ máa bèèrè pé ẹ̀gbẹ́ wo."

Sájẹ́ńtì pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé láàárín ọdún kan. Ti àkọ́kọ́ kú. Nọ́ọ̀sì kan fojú kan lọ sí i. Awakọ̀ akẹ́rù kan ò lè rìn mọ́. Alùpùpù àtijọ́ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, àwọ̀ wọn ò sì jọra: funfun, búlúù, yẹ́lò. Aláwọ̀ ewé ló kàn báyìí."

Dókítà ní agbárí ti sán. "Tó bá máa jí, á jí," ló wí, ó sì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Káfíńtà ni bàbá wọn náà. Bàbá náà kì í fi ayùn kan igi láìkọ ìwọ̀n sí i, kì í sì kọ ìwọ̀n láìkọ àdúrà kan sábẹ́ rẹ̀: *Olúwa, má jẹ́ n gé e kúrú.* Igi tó bá gùn ṣe é gé. Èyí tó bá kúrú, ta ló máa fà á gùn? Àbúrò jogún ayùn, ó jogún àdúrà. Ẹ yẹ abẹ́ tábìlì tó kàn wò, ẹ yẹ ẹ̀yìn àpótí, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ sá lọ sídìí ọ̀dà, nítorí gbogbo ohun tó bá ti gé ló ń kúrú. Ṣùgbọ́n lóru gbogbo lẹ́bàá ibùsùn yẹn, àdúrà bàbá rẹ̀ ló ń gbà. Ó ń ki àbúrò rẹ̀ sétí: "Ọmọ a-wọ̀n-wọ̀n-kó-tó-rẹ́. Ọmọ afigi-gbígbẹ-ṣe-bẹ́ẹ̀dì-ìyàwó. Jí o, ìwọ̀n tìrẹ ò tíì pé." Káfíńtà kò mì.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ọjọ́ Ajé ni, ẹnì kan kan géètì Pẹ́ńtà.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń kun nǹkan nílé, bàbá?"

Ohùn náà dùn. Ọkùnrin gíga kan ni, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó tú àpò ìdọ̀họ tó gbé dání, ó yọ táǹkì alùpùpù àtijọ́ jáde, èyí tó rí rọ̀gọ̀dọ̀ níwájú tó sì tín-ín-rín lẹ́yìn. Wọ́n ti fi ọ̀dà alágolo fín in ní dúdú. Ọ̀dà náà ti hunjọ bí awọ ìgbọ̀nwọ́ àgbà.

"Ta ló ṣiṣẹ́ burúkú yìí?"

"Èmi ni. Mo rò pé ó rọrùn ni."

"Ẹ fín ọ̀dà lé ibi tí bẹntiróò ti kán sí. Ọ̀dà kì í jókòó lórí epo. Kí ló dé tẹ́ ò gbé e lọ bá àwọn tó wà lójú títì?"

"Ojú pọ̀ níbẹ̀. Ẹ kùn ún ní pupa. Ọjọ́rú ni mo fẹ́ ẹ."

"Ọjọ́rú kẹ̀? Ṣé ẹ ní kí n dín in ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé Pẹ́ńtà lọ́rùn, ó rọra fún un títí ẹ̀rín fi tán lójú àwọn méjèèjì. "Ọjọ́rú, bàbá. Ẹni bá já mi kulẹ̀, kì í dùn mọ́ ọn."

Ó lọ. Pẹ́ńtà fọwọ́ pa ọrùn. Ó gbé táǹkì lọ sẹ́yìnkùlé, sórí ilẹ̀kùn àlòkù tó fi ṣe tábìlì, ó rẹ sáńpépà sínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Dúdú bó. Àwọ̀ ewé yọjú.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Aláwọ̀ ewé pọ̀ láyé, ló sọ fún ara rẹ̀. Ó ń ha á lọ létí ìsàlẹ̀. Yẹ́lò. Ó tún ha á. Búlúù. Ó tún ha á, funfun jáde, lẹ́yìn náà ni irin. Àwọ̀ mẹ́rin yí ara wọn ká lábẹ́ dúdú bí òrùka inú igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Omi sáńpépà ń kán sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Ó dojú táǹkì dé. Kòtò kan wà lábẹ́ rẹ̀, ibi tó fi ń jókòó lórí irin alùpùpù. Ojú kì í débẹ̀, ọ̀dà alágolo náà kò débẹ̀. Lórí àwọ̀ ewé tó wà nínú kòtò yẹn, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù nínípọn kọ ọ́:

*Ínṣì mọ́kàndínlógún. Olúwa, má jẹ́ n gé e kúrú.*

Pẹ́ńtà mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Ó mọ ohun tí àbúrò rẹ̀ ń wọ̀n lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Igi tó fẹ́ kàn ni, èyí tí táǹkì yóò jókòó lé nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń kùn ún fún un.

"Ìyá Ìbejì!" Ó kọjú sílé. "Ìyá Ìbejì, wá!"

Ìyàwó rẹ̀ yọ jáde, ó kà á, ó fọwọ́ bo ẹnu. Kò sunkún. Ó so gèlè rẹ̀ le, ó gba ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Sájẹ́ńtì wá nínú aṣọ ilé. Ó wo pẹ́ńsùlù, ó wo òrùka àwọ̀. "Bá a bá mú un láìrí alùpùpù, á ní ọjà àlòkù lòun ti rà á. Kùn ún fún un. Má fọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀. Lọ́jọ́rú, láago mẹ́wàá, a ó ti wà nínú yàrá yín. Tó bá gbà á, a ó tẹ̀ lé e dé ibi tí ìyókù wà."

"Bó bá fura ńkọ́?"

"Má jẹ́ kó fura."

Pẹ́ńtà lẹ pépà mọ́ abẹ́ táǹkì, ó bo pẹ́ńsùlù, ó bo òrùka àwọ̀ etí ìsàlẹ̀. Ó fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i, ó jẹ́ kó gbẹ, ó ha á, ó nù ún. Ó po pupa mọ́ oògùn tó ń jẹ́ kí ọ̀dà gan, èyí tí apá tínà, omi tó ń fọ ọ̀dà, kì í ká mọ́ bó bá ti gbẹ. Ó ń fín, ó ń gbàdúrà. Pupa náà ń dán bí ẹ̀jẹ̀ tútù, Pẹ́ńtà sì ń gbójú kúrò lára rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́rú, aago méje kò tíì lù. Pẹ́ńtà ti rọ ọ̀dà sínú ìbọn tó fi ń fín ọ̀dà fún ìkùn ìkẹyìn, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń kùn hùn-ùn. Ó gbójú sókè. Olóhùn Oyin dúró lẹ́yìnkùlé. Kò kan géètì; ògiri ló gùn wọlé.

"Ẹni tó fẹ́ rà á ti ń jí dé. Gbé e wá."

"Kò tíì gbẹ, ọ̀gá. Ẹ padà wá láago mẹ́wàá."

"Kí ló dé tó jẹ́ mẹ́wàá?"

"Oòrùn á ti mú."

Ọkùnrin náà gbé táǹkì, ó dojú ẹ̀ dé. "Kí lo fi pépà bò síbí?"

"Ibi tí ọ̀dà ò gbọ́dọ̀ dé ni."

Ó fa pépà náà ya. Ó kà á. Ó tún un kà, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó gbójú sókè, oyin ti tán lóhùn rẹ̀.

"Ta ni ẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

Háńmà jáde lábẹ́ ẹ̀wù. Pẹ́ńtà gbé apá òsì sókè, egungun dún bí igi gbígbẹ. Ó ṣubú lu agolo ọ̀dà. Ìyá Ìbejì sáré jáde, ó fi orù omi fọ́ ọkùnrin náà léjìká. Ọkùnrin náà yí padà, ó gbá a mú nírun, ó wọ́ ọ nílẹ̀, ó gbé háńmà sókè lórí rẹ̀.

"Má sún mọ́ mi! Bí mo ṣe fọ́ tàbúrò ẹ, màá fọ́ tèyí náà!"

Ọwọ́ ọ̀tún Pẹ́ńtà kan ìbọn ọ̀dà. Ó nà án sókè, ó tẹ̀ ẹ́ dópin. Pupa bú jáde fùùù sí ọkùnrin náà lójú, sínú imú, sẹ́nu. Ó ké bí ẹran tí wọ́n so lọ́rùn. Ó ń fi háńmà lu afẹ́fẹ́, ó fọ́ fèrèsé, ó fọ́ tábìlì. Ìyá Ìbejì bù ú jẹ lọ́wọ́ títí eyín fi pàdé. Ọkùnrin náà já ara rẹ̀ gbà, ó gun ògiri, ó bẹ́. Táǹkì ṣẹ́kù sílẹ̀.

"Pe Sájẹ́ńtì!" Pẹ́ńtà fi apá tó kán há àyà, ó sáré jáde.

Àgbàrá òjò kò ní òun ò ní wólé. Onílé ni kò ní gbà fún un. Kò ṣòro láti tẹ̀ lé ọ̀nà. Ọwọ́ pupa lára ògiri. Ọwọ́ pupa lára ẹ̀rọ omi. Bárbà kan jókòó sílẹ̀, ó di agbọ̀n mú: "Ó gba kẹ̀kẹ́ mi! Ojú ẹ̀ rí bí ata lílọ̀!" Kẹ̀kẹ́ náà dùbúlẹ̀ ní ìkóríta, táyà rẹ̀ ṣì ń yí. Níbẹ̀ ni ọwọ́ pupa ti pòórá. Pẹ́ńtà dúró, òógùn ń ṣàn sí i lójú, ìrora fẹ́ gbé e ṣubú. *Olúwa, má jẹ́ kó kúrú síbí.* Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lára ilẹ̀kùn irin kan ní ìkángun òpópónà kékeré, ìka mẹ́rin pupa dúró ṣinṣin bí èdìdì.

Igbe kan ta nínú ilé náà. Igbe àgbàlagbà.

Sájẹ́ńtì tẹ̀ lé ọwọ́ pupa dé pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì, wọ́n fi èjìká já ilẹ̀kùn. Alùpùpù àtijọ́ kan dúró láàárín ilé, kò ní táǹkì, ó dà bí ẹṣin tí wọ́n yọ nífun. Agolo bẹntiróò dà sílẹ̀. Olè náà ti fi bẹntiróò fọ ojú títí awọ rẹ̀ fi bó, pupa kò bó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láyà Télọ̀ àgbà kan, ẹni tó fẹ́ ra alùpùpù, tó jí dé ṣáájú àkókò bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe. Háńmà ti gòkè. Kóńdó Sájẹ́ńtì bà á lọ́rùn ọwọ́, háńmà bọ́. Ó tún gbá a lórúnkún, olè náà wó.

"Wọ́n ní kí n má tètè jáde," Télọ̀ ń wí nílẹ̀. "Ìyàwó mi ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé òótọ́ ló sọ."

Ní àgọ́, olè jókòó pẹ̀lú ojú pupa, ó ní òun kò mọ táǹkì kankan rí.

"Kí ló kun ojú ẹ ní pupa?" Sájẹ́ńtì bèèrè.

"Mo ń kun ilé mi ni."

"Ilé wo?"

Wọ́n mú ìyàwó Káfíńtà wọlé. "Kí i," Sájẹ́ńtì wí.

"Ẹ káàárọ̀, mà..."

Obìnrin náà di etí méjèèjì. "Òun ni. Yé, òun ni!"

Sájẹ́ńtì gbé táǹkì sórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ dé, ó ti ìka bọ òrùka àwọ̀. "Aláwọ̀ ewé: Káfíńtà. Yẹ́lò: awakọ̀. Wọ́n ń gbé e bọ̀ wá wò ẹ́. Búlúù: nọ́ọ̀sì. Ó ti wà níta, ojú kan tó kù fún un ti tó láti mọ̀ ẹ́. Funfun ńkọ́?"

Olè wo òrùka náà pẹ́. Kò sí àṣegbé. Àṣepamọ́ ló wà, ọ̀dà kì í sì í jẹ ohun tó bá bò. Ó ń pa á mọ́ láti ọjọ́ yìí, kò mọ̀ pé ńṣe lòun ń to ẹjọ́ òun léra.

"Òun ló ni ín," ó wí, ohùn rẹ̀ ti ha. "Ọkùnrin tó kú yẹn. Funfun ni mo bá a. Mo pa á, mo gbà á. Àwọn tó kù, mo kàn ń tà á fún wọn ni, mo ń gbà á padà."

"O *kàn* ń tà á," ni Sájẹ́ńtì wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kó tẹ̀ka sí i. Kò wá yíǹkì. Ìka olè ṣì pupa, ṣùgbọ́n ọ̀dà ti gan, kò tẹ̀. Wọ́n padà lọ gbé yíǹkì wá.

Opó ọkùnrin tó kú náà wá gbé alùpùpù ọkọ rẹ̀. Ó fọwọ́ pa táǹkì lórí bí ẹni ń pa ọmọ lórí. "Bí apá yín bá san," ó sọ fún Pẹ́ńtà, "ẹ bá mi dá a padà sí funfun."

Lọ́jọ́ kejì, Pẹ́ńtà jókòó ti ibùsùn àbúrò rẹ̀, símẹ́ǹtì tí àwọn dókítà fi di egungun wà lápá òsì rẹ̀. Ó ń ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́. Ó dé ibi eyín Ìyá Ìbejì nígbà tó rí i pé ìka àbúrò rẹ̀ ń rìn. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lára ìrọ̀rí. Ó dé ẹ̀yìn etí, ó ń táràrà níbẹ̀, kò rí ohun tó ń wá.

Pẹ́ńtà fa pẹ́ńsùlù yọ nínú àpò rẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ló ti fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

Káfíńtà la ojú. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo símẹ́ǹtì funfun náà, ó ya àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ bí ẹni ń wọn pákó. Ó gba pẹ́ńsùlù. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán, lẹ́tà rẹ̀ ń wọ́ bí aràn:

*Ínṣì mọ́kànlá. Olúwa kò jẹ́ kó kúrú.*