Ta Ló Ya Òdòdó Kòkó?

"Ta ló ya èyí?"

Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí, olùkọ́ báyọ́lọ́jì, gbé bébà kan sókè níwájú kíláàsì. Òdòdó kòkó ni wọ́n fi pẹ́ńsùlù yà sí i, bó ṣe máa ń yọ lára igi gẹ́lẹ́. Àárín iṣẹ́ àṣetiléwá wọn ló ti rí i, kò sì sí orúkọ kankan lábẹ́ rẹ̀.

Mojí Ògúndípẹ̀ ló yà á. Oko bàbá rẹ̀ ní Ìsàn-Èkìtì ló jókòó sí, tí èèrà ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ tí kò dìde.

Olùkọ́ ní, "Wọ́n fẹ́ tẹ ìwé nípa igi àti ewé ilẹ̀ Èkìtì fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Àwòrán yìí yóò wọ inú rẹ̀, tòun ti orúkọ ẹni tó yà á."

"Àfi kó jẹ́ ọmọ oníṣègùn ló yà á!" ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Mojí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ògún ni bàbá rẹ̀ ń bọ. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àdúrà ilé ẹ̀kọ́ wọn bá rí ewé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní oògùn ni, wọn ò sì ní bá a jẹun. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Gift, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ sún fún un lórí bẹ́ńṣì. Ó ti pẹ́ tí Mojí ti ń dá jókòó, ó sì ti sú u. Ó panu mọ́.

"Èmi ni, sà." Olúfẹ́mi Àjàyí ló nawọ́. Olúfẹ́mi tí kò lè ya ìkòkò kó má jọ bàtà! Olùkọ́ sì gbà á gbọ́.

Nígbà tí Mojí ròyìn délé, ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí. "Uṣẹ́ ọwọ́ rẹ mà ni, Mojí! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ sọ fún tíṣà rẹ lọ́la."

Ilẹ̀ mọ́, Gift tún sún fún un. Mojí jókòó tì í, kò sì lọ bá olùkọ́.

Lọ́dún kejì, ìwé náà dé. Gift ṣí i, àwọn ọmọbìnrin rọ̀ mọ́ ọn. "Ẹ wo òdòdó! Ó ń ṣe mí bíi kí n já a. Olúfẹ́mi mọ àwòrán yà o!"

Omi lé sójú Mojí. "Gift, èmi ni mo yà á."

Gift wò ó, inú kò bí i rárá. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ kẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi ni ọ́, Mojí. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé o ò ní sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

Èjìká ń kan èjìká lórí bẹ́ńṣì, síbẹ̀ Mojí kò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ọwọ́ yín bá ṣe iṣẹ́ rere, ẹ fi orúkọ yín sí i, ẹni tó bá fẹ́ fi yín ṣẹ̀sín kó máa ṣe é. Ọ̀rẹ́ tí ẹ bá torí rẹ̀ fi ara yín pamọ́, ẹlòmíràn ló ń bá ṣọ̀rẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin.