Nọ́ńbà Ara Ìgò Ẹ̀pà Rasheedah

Rasheedah ń rọ ẹ̀pà yíyan sínú ìgò lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Lotto, Mowe, nígbà tí obìnrin kan kan géètì. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Lọ́jọ́ Ẹtì ni èrò ìpàdé àdúrà máa kún Redemption Camp, igba ìgò ló sì fẹ́ kó lọ tà. Ta ló tún wá ń yọ ọ́ lẹ́nu?

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbíwùnmí lorúkọ mi, wolé-wolé ìjọba ìpínlẹ̀ ni mí."

"Wolé-wolé kẹ̀! NAFDAC ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ inú ìgò. Gbájúẹ̀ lẹ fẹ́ ṣe fún mi!"

Ẹ má bá a wí o, ìfura loògùn àgbà. Ìbíwùnmí na káàdì iṣẹ́ rẹ̀ sí i. "Ẹ pe ọ́fíìsì wa kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn."

Rasheedah pè wọ́n lóòótọ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ìdajì géètì ló ṣí.

"Ẹ wò ó, nọ́ńbà NAFDAC wà lára ẹ̀!"

"Ta ló fún yín?"

"Bọ̀dá Sódìq tó ń tẹ bébà ara ìgò n'Ibafo. Gbogbo wa ló ń bá fi sí i."

Ìbíwùnmí yẹ nọ́ńbà náà wò lórí fóònù, ó ní kó fojú ara rẹ̀ kà á. Ìpara ni wọ́n fi nọ́ńbà náà forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀pà.

"Yéè! Mo gbé!" Ojú ti Rasheedah. Ẹni tó fi káàdì hàn án ló pè ní gbájúẹ̀, Bọ̀dá Sódìq tí kò bi ní nǹkan kan ló gbà gbọ́.

Ìbíwùnmí ṣa ẹ̀pà díẹ̀ nínú abọ́. "Èyí ti bu, ẹ wo bó ṣe hu funfun. Májèlé inú ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan ò sì lè pa á tán. Ìdí tí wọ́n fi ń yẹ oúnjẹ wò nìyẹn."

"Ti ìpínlẹ̀ ni kí n wá tẹ̀ lé ni, àbí ti àpapọ̀?"

"Méjèèjì. Ìpínlẹ̀ ń mú òfin oúnjẹ rẹ̀ bá ti àpapọ̀ mu, kẹ́nikẹ́ni má baà fi ọ̀kan sá fún èkejì."

Rasheedah wo igba ìgò, omi lé sí i lójú. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ lọkọ rẹ̀ yọ látinú ilé, ó bu ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan.

"Bàbá Hanifah, ẹ má jẹ ẹ́ o!"

"Kí ló dé? Ṣebí títà lo fẹ́ tà á?"

Rasheedah gbé ìgò àkọ́kọ́, ó da ẹ̀pà inú rẹ̀ sínú ihò ìdọ̀tí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe oúnjẹ tà ní Mowe, Ibafo àti Ifo, ẹ bi wolé-wolé ní káàdì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fura sí ẹni tó ń tẹ bébà ara ìgò náà: kì í ṣe òun ló ń fúnni ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ lọ forúkọ ọjà yín sílẹ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ibi iṣẹ́ yín wò. Ohun tẹ́ ẹ ò lè fún ará ilé yín jẹ, ẹ má tà á fún ọmọ ẹlòmíì.