Òṣùpá Àtọrọ

Toader káwọ́ lẹ́rán, kò gbin ẹ̀wà tirẹ̀. Gbogbo ọmọ kíláàsì kejì yòókù ti ki tiwọn bọ inú ife.

"Kí ló dé, Toader?" Smaranda tó ń kọ́ wọn bi í.

"Àǹtí, òṣùpá tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ pátákó, tẹ́ ẹ ní ó ń dàgbà yẹn, kíkú ló ń kú. Ìyá àgbà mi kì í gbin ẹ̀wà nígbà tí òṣùpá bá ń kú, àfi tó bá ń dàgbà. Àlùbọ́sà ni wọ́n máa ń gbìn tó bá ń kú."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Smaranda, ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ló ń lọ, ìdánwò rẹ̀ sì lèyí: kó fi òṣùpá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, orin, àwòrán àti iṣẹ́ ọgbà. Bó bá kùnà, yóò tún ọdún náà kà. Ìyáàfin Veturia tó ń yẹ̀ ẹ́ wò jókòó sẹ́yìn.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ronú iṣẹ́ tiwọn, ijó ló lọ jó. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti rí odidi iṣẹ́ olùkọ́ kan tó wà ní apá gúúsù ayé lọ́hùn-ún, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Smaranda gbójú wo ojú fèrèsé. Òṣùpá ọ̀sán wà lókè ilé ìjọsìn, ó funfun, apá ọ̀tún ló ti mọ́lẹ̀, bó ṣe máa ń rí tó bá ń dàgbà. Apá òsì ni tara pátákó ti mọ́lẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó ní kí Toader panu mọ́. Ó gbé e mì.

"Toader ló tọ̀nà. Mi ò ya àwòrán yìí. Mo jí i ni. Níbi tó ti wá, apá òdìkejì tiwa ni òṣùpá tó ń dàgbà ti ń mọ́lẹ̀, èmi ò sì gbójú sókè wò ó."

Ìyáàfin Veturia bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo ti mọ̀ látìgbà tó o ti lẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ wò ó bóyá wàá jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni. Àsìkò ò tíì tán. Kó wọn jáde."

Nínú ọgbà, wọ́n ya òṣùpá gidi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n kọrin fún un. Toader gbin ẹ̀wà rẹ̀.

Agbára káká ni Smaranda fi yege. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyáàfin Veturia títí tíyẹn fi ní ó tó. Nígbà tí ẹ̀wà hù, ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Toader pẹ̀lú.

"Ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà mi," ni Toader wí. Smaranda sì lọ bá ìyá àgbà náà, ó dúpẹ́.

Ẹ̀wù àtọrọ kì í báni mu. Bí kò fún wa lápá, á ṣò wá lọ́rùn. Ṣe iṣẹ́ rẹ fúnra rẹ. Bí o bá sì ti ṣì í ṣe, tètè jẹ́wọ́, kó o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tún ọ ṣe, ì báà jẹ́ ọmọdé.