Àwọn Tí Mo Tan Iná Lásán Fún

Nígbà tí mo ṣí yàrá òkùnkùn mi lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, òórùn kẹ́míkà kọ́ ló kí mi. Òórùn atíkè ni.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fọ́tò rí á mọ ìdí tí ìyẹn fi bà mí lẹ́rù. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń pa atíkè, lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, níwájú dígí tí mo gbé kọ́ sára ògiri. Inú yàrá òkùnkùn, níbi tí a ti ń fọ fíìmù, kò sí oníbàárà kan tó wọ ibẹ̀ rí. Èmi àti ọ̀gá mi tó ti kú nìkan ni, àwa méjèèjì ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa atíkè. Síbẹ̀, òórùn náà tuntun, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti agolo rẹ̀ dé.

Ọ̀sán gangan ni. Ọmọ mi obìnrin, tó ti gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, ti fa gílóòbù funfun wọ inú yàrá náà, torí pé àwọn bíríkìlà ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wó ògiri àárín. Ibẹ̀ ló fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ tuntun sí. N kò bá a jà. Ta ló tún ń bèèrè fíìmù? Oníbàárà á jókòó, ọmọ mi á tẹ kámẹ́rà tí kò gba fíìmù, kí ẹni yẹn tó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, fọ́tò ti jáde. Bí kò bá wù ú, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á ya òmíràn. Ní ayé tiwa, ohun tó bá ti wọlé ti wọlé nìyẹn.

"Bàámi, ẹ má pẹ́ níbẹ̀ o," ọmọ mi ké láti iwájú. "Màmá Àgbà ti dé."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń pè ní Màmá Àgbà, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Mo mọ ohun tó bá wá.

Mo bá a lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

"Fọ́tò," ó ní. Bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti gbé kámẹ́rà kọ́rùn. "Wọ́n ní lọ́la lẹ máa wó yàrá yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Fọ́tò Ìyá wa ńkọ́?"

Mo ní mò ń wá a.

"Ọdún mọ́kànlélógójì lo ti ń wá a. Ká ní abẹ́rẹ́ ni, ì bá ti gún ẹ lẹ́sẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò rántí ojú rẹ̀ mọ́, àbúrò mi. Mo rántí ọwọ́ rẹ̀. Mo rántí bó ṣe ń wúkọ́. Tí mo bá ti fẹ́ rántí ojú, nǹkan funfun báyìí ni mo máa ń rí. Ṣé kí n kú, kí n dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, kí n máa bi í pé ta ni? Mi ò kúrò níbí lónìí láìrí i."

Mo ní kó fara balẹ̀, mo sì padà sínú yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Ìtìjú ni mo lọ fi pamọ́, torí pé kò sí fọ́tò kankan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Fíláàṣì àtijọ́ ní bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́yìn. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, iná á tàn yàà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ò ní mọ̀, fíìmù ò sì ní sún. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ló kọ́ mi. Fíìmù kéré, ènìyàn pọ̀, ó ní. Ọ̀mùtí á máa fà ẹ́ láṣọ pé kí o ya òun, ọmọdé á máa sunkún. Tan iná fún wọn, kí wọ́n jẹ́ kí o ráyè. Orí mi ló fi dán an wò. Ó ní kí n dúró ti tábìlì, kí n gbé àgbọ̀n sókè, kí n má mirà. Ṣẹ́ẹ̀tì tí kẹ́míkà ti jẹ lápá ọ̀tún ló wà lọ́rùn mi, mo sì ń fi ọwọ́ òsì bo ibi tó jẹ, torí pé fọ́tò tí mo máa kọ́kọ́ yà láyé mi nìyẹn. Iná tàn. Mo dúró gbọn-in. Mo dúró títí tó fi bú sẹ́rìn-ín: "Kí lò ń dúró dè? Iná lásán ni!"

Lẹ́yìn náà ló wá fún mi lófin. "Ẹni tí o bá yà lóòótọ́, sọ fún un pé, 'Ó ti wọlé, ẹ lè dìde.' Ẹni tí o bá tan iná lásán fún, má sọ ọ́ fún un láé. Irọ́ ọwọ́ ti tó, má fi ti ẹnu kún un."

Mo pa òfin yẹn mọ́ bí ẹni pa ẹyin mọ́. Ó tilẹ̀ máa ń jẹ́ kí n rò pé olóòótọ́ ènìyàn ni mí.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àìsàn ti dá Ìyá wa dùbúlẹ̀. Mo yà wò ó lọ́nà ibi tí mo ti fẹ́ lọ ya ìyàwó tuntun kan, fíìmù mẹ́ta péré ló kù nínú kámẹ́rà. Ìyá ní kí n ya òun, kí àwa ọmọ lè máa rí ojú òun. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e dìde, ó fi àyà rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún un, ó pa atíkè díẹ̀ sí i lójú. Mo wò ó pé ìyàwó ń dúró, pé n ó fi fíìmù tuntun padà wá nírọ̀lẹ́. Mo ní, "Ẹ má mirà." Mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn. Mo jáde láìsọ nǹkan kan.

N kò tíì dé ibi ìyàwó tí Ìyá fi kú. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ń gbìyànjú láti pa ojú rẹ̀ dé, ojú náà kọ̀. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tó yá, torí pé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi náà, ojú ṣíṣí la fi ń sùn. Ìyàwó mi a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin ìdílé olójú ẹja yìí!" Mo sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé fọ́tò náà wà láàárín àwọn fíìmù tí n kò tíì fọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lé ní ìlọ́po méjì, mo sì ti ń rò pé òtítọ́ ti ṣìnà.

Mo gbé kámẹ́rà àtijọ́ kúrò lórí pẹpẹ. Olójú méjì ni, àtọ̀kèwò tí a máa ń ti òkè bojú wò: ojú òkè la fi ń wo ènìyàn, ojú ìsàlẹ̀ ló ń yà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wíńdò pupa bíńtín wà, tó ń fi nọ́ńbà fíìmù hàn. Méjìlá ló wà níbẹ̀, èyí tó kẹ́yìn. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti fi ẹyọ kan yẹn sílẹ̀, torí pé n kò fẹ́ kó tán lọ́wọ́ mi.

Mo ṣí ìdérí, mo bojú wò ó, láìní ìdí kan. Mo rí orúnkún.

Mo gbójú sókè. Tábìlì nìyẹn, abọ́ mẹ́ta nìyẹn, ògiri nìyẹn, kò sí ẹnì kankan. Mo tún bojú wò ó. Orúnkún náà wà níbẹ̀, ọwọ́ sì wà lórí rẹ̀. Mo rọra gbé kámẹ́rà sókè, mo bá rí wọn gbogbo.

Wọ́n kún yàrá náà fọ́fọ́. Ọ̀mùtí tó di ìgò mú, tó yọ eyín síta. Ọlọ́dẹ kan tó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ fìlà rẹ̀ kó má ṣubú. Àwọn ọmọdébìnrin mẹ́ta tó fi ọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́rùn. Mo dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé èèyàn kì í gbàgbé ẹni tó bá rẹ́ jẹ. Kò sí ẹni tó ń ṣẹ́jú. Omi ń dà lójú wọn gba inú atíkè, wọn ò nù ún. Wọ́n dá èémí dúró bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe. N kò sì sọ fún wọn rí pé ó ti wọlé.

Ẹnì kan dúró tì mí lápá òsì, ó súnmọ́ kámẹ́rà jù, ó sì ṣú bàìbàì. N kò kà á sí. Ìyá mi ni mò ń wá.

Ó wà lẹ́yìn, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó fara ti àyà ọmọbìnrin kan. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí. Kò wò mí bí ẹni tó ń bínú, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ó ń wò mí bí ìyá tó gbà pé ọmọ òun ń bọ̀.

Orí mi wú. Mo fẹ́ sá.

"Fọ́tò," ẹ̀gbọ́n mi pè láti iwájú, jẹ́jẹ́, "ṣé o ti rí i?"

"Mo ti rí i, Ẹ̀gbọ́n," mo ní. Òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ fún un lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Mo gbé kámẹ́rà lé orí àpótí. N kò wá fíláàṣì. Ẹni tí kì í ṣẹ́jú, kò sí ohun tó fẹ́ fi iná ṣe. Mo kàn jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là pẹ́ díẹ̀. "Ẹ má mirà," mo ní, ọ̀rọ̀ náà sì tì mí lójú bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kà dé mẹ́ta.

"Ó ti wọlé," mo ní. "Ẹ lè dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Gbogbo wọn mí lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná gbá mi lójú, ó ń rùn fún atíkè. Mo gbọ́ àga tí wọ́n ń tì sẹ́yìn, níbi tí àga kankan ò sí. Aṣọ ń gbá mi lápá bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan dúró díẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, òórùn atíkè náà lọ.

Ẹkún ń gbọ̀n mí, inú mi sì ń dùn. Mo sáré síta kí n lè jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi pátápátá, kó bá mi wí tẹ́rùn. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó pa ojú dé, ẹ̀rín ṣì wà létè rẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé oorun ti gbé e lọ. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé n kò rí ìpéǹpéjú ẹ̀gbọ́n mi mọ́ láti ọjọ́ tí Ìyá wa ti kú.

"Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá yín báyìí," ọmọ mi ń sọ. "Ó ní, 'Hẹ̀n-ẹ́n, ojú rẹ̀ nìyí!' Ó gbéra bí ẹni fẹ́ kí àgbà, ó wá padà jókòó. Bàámi, mo ṣe bí ẹ̀yin lẹ ń bọ̀ ni."

Òun ló gbé Ìyá sáyà lọ́jọ́ náà. Òun náà ni mo ní kó má mirà. N kò wádìí iye àwọn yòókù tó ṣì wà láàyè títí di ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí láti bèèrè.

Lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi, mo já agolo kẹ́míkà kan tí n kò tíì lò, mo fọ fíìmù náà. Ẹyọ ìkẹyìn ò ní ènìyàn tó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì nìkan ló wà níbẹ̀, àti ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi lórí rẹ̀, tí wọ́n di ojú, bí ẹni tó sun oorun àsùnwọra. Ṣùgbọ́n lápá òsì, níwájú pátápátá, ara ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò ní orí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ kámẹ́rà olójú méjì nìyẹn: ẹni tó bá súnmọ́ ọn jù, ojú òkè á rí orí rẹ̀, ojú ìsàlẹ̀ ò ní rí i. Ó fi ọwọ́ òsì bo apá ọ̀tún ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Láàárín ìka rẹ̀, mo rí ibi tí kẹ́míkà ti jẹ aṣọ náà.

Ọ̀gá mi kú láìsọ fún mi pé ó ti wọlé. Fọ́tò tí mo yà náà ò gba ojú mi.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi, ó sì wá irú fíìmù náà kiri orí fóònù fún oṣù mẹ́ta, kó lè tún mi yà. Wọ́n ní èyí tó fẹ̀ bí ti kámẹ́rà yẹn, wọn ò ṣe é mọ́ níbikíbi, èyí tó kù láyé sì ti bàjẹ́ nínú páálí rẹ̀. Nígbà tó rí bí mo ṣe ń rù, ó fi fóònù rẹ̀ yà mí. "Ó ti wọlé, Bàámi," ó ní, "ẹ lè dìde." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo ní kó sọ fún mi bóyá mo pa ojú dé lójú oorun. Ó wolẹ̀, ó ní ojú mi là sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Wọ́n ti wó ògiri náà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti wà níbẹ̀, ó ń kùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí mo bá ṣí ìdérí kámẹ́rà, mo máa ń rí ọmọ iṣẹ́ tí mo jẹ́ nígbà náà tó dúró ti ẹ̀rọ náà, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó gbé àgbọ̀n sókè, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ́ mi sílẹ̀, tí ojú mi bá kọ̀ láti pa dé, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá kí mi nídìí sàréè. Ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni kó ti máa kí mi.