Ẹjọ́ Ọ̀gbẹ́ni Mátà

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Ikram kọ́kọ́ rí Sàhéèdì. Ọmọkùnrin náà dúró sí ìta fèrèsé kíláàsì, ó fi ìwé rẹ̀ ti ògiri lábẹ́ páànù, ó ń kọ̀wé. Omi ń kán tó, tó, tó láti orí rẹ̀, sìmẹ́ǹtì sì ti gan mọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì.

Lọ́yà Ògúnkànmí, olùkọ́ òfin wọn, ló tì í mọ́ta. Ní pólì tó wà nítòsí Mowe yẹn, kò sí ẹni tó ń kọ́ òfin ìṣòwò tí kò mọ̀ pé bí aago mẹ́jọ bá ti lù, bàbá náà á fi kọ́kọ́rọ́ tìlẹ̀kùn. Kì í pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń pe orúkọ èèyàn, ẹni tó bá sì pè á gbàgbé gbogbo ohun tó kà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ní kíláàsì rẹ̀, Ikram á ti dé ìjókòó rẹ̀ kí aago méje tó lù.

Síbẹ̀, àánú ọmọkùnrin náà ṣe é. Ó rọra yí ìwé rẹ̀ sí ojú fèrèsé kí ó lè máa rí i kọ. Ariwo òjò lórí páànù kò jẹ́ kó gbọ́ olùkọ́ dáadáa. Èyí tó bá bọ́ sí i létí ló ń kọ.

Lẹ́yìn kíláàsì, Sàhéèdì wá bá a.

"Ẹ ṣeun, àǹtí oníwèé."

"Èmi kọ́ ni àǹtí ẹ. Kí ló dé tí o fi pẹ́?"

"Ìbàfò ni mo ti ń bọ̀. Mo máa ń mọ búlọ́ọ̀kù kí n tó wá. Búlọ́ọ̀kù ló ń rán mi níléèwé."

"Ẹ̀rù Lọ́yà ò wá bà ẹ́?"

"Ó ń bà mí ju òjò lọ."

Ikram rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé pọ̀ nìyẹn, nínú ìwé Ikram kan ṣoṣo. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, bí Sàhéèdì bá pẹ́, ẹnu ọ̀nà ni Ikram ń wò, kì í wo pátákó mọ́.

Ìdánwò dé, ó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Lọ́yà Ògúnkànmí dúró níwájú kíláàsì pẹ̀lú ìwé ìdánwò méjì lọ́wọ́.

"Ẹni méjì nínú yín kọ nípa ẹjọ́ Ọ̀gbẹ́ni Mátà," ló wí jẹ́jẹ́. "Kò sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kátà ni mo pè. Ẹni tó bá sì wo ìwé ẹnìkejì nínú ìdánwò, ilé ló ń lọ. Ikram Yésúfù. Sàhéèdì Àbúbákr. Ẹ wá bá mi ní ọ́fíìsì."

Ó dà bíi pé wọ́n da omi tútù sí Ikram lára. Bàbá rẹ̀, Àáfà Yésúfù tó ń ránṣọ ní Ifọ̀, ti kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ tó wọlé: ọjọ́ tí òun bá gbọ́ pé ó jí ìwé wò, ọjọ́ náà ni ilé ìwé parí.

Ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, Sàhéèdì sún mọ́ ọn. "Màá sọ pé èmi ni mo wo tìẹ."

"Wọ́n á lé ẹ."

"Tí wọ́n bá lé mi, màá padà sídìí búlọ́ọ̀kù. Ìwọ, kí lo fẹ́ sọ fún bàbá ẹ?"

Ikram fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti di ahọ́n rẹ̀ mú. Sàhéèdì wọlé. Nígbà tó jáde, kò wo ojú rẹ̀.

Ó kan Ikram. Lọ́yà ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ó ti jẹ́wọ́. Máa lọ."

Ikram di ilẹ̀kùn mú. Ẹsẹ̀ kan péré ló kù kó bọ́. Ó yí padà, ó kúnlẹ̀.

"Irọ́ ló pa, sà. Kò wo ìwé mi. Èmi ni mo gbọ́ Kátà sí Mátà lọ́jọ́ òjò, ó sì ń kọ tèmi láti ojú fèrèsé. Ìwé yẹn náà la jọ kà."

"Bí mi ò bá gbà ẹ́ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì ló ń lọ. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

Bàbá náà pe Sàhéèdì padà. Lẹ́yìn náà ló fi wọ́n sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè tuntun títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n mọ ìdáhùn gbogbo rẹ̀.

"Ìdánwò yín dúró," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo yọ máàkì mẹ́wàá nínú ti Sàhéèdì, nítorí irọ́."

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Ifọ̀. Ọmọ àdúgbò kan wà ní kíláàsì wọn. Àáfà Yésúfù ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì. Sàhéèdì dọ̀bálẹ̀ láàárín àkísà aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Àáfà ò dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró.

"Wọ́n ní o parọ́ nítorí ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹni tó bá lè parọ́ nítorí rẹ̀, á parọ́ fún un lọ́jọ́ kan."

Sàhéèdì fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Dìde," Àáfà wí. "Ẹ lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo ti lè rí yín. Sọ òótọ́ inú rẹ fún un. Bí ó bá gbà á, parí ìwé rẹ, kí o mú àwọn èèyàn rẹ wá tọrọ rẹ̀."

Níta, Sàhéèdì kọjú sí i.

"Ikram, mi ò ní nǹkan kan. Ọwọ́ mi le bí òkúta. Ẹ̀rù máa ń bà mí pé lọ́jọ́ kan o máa wò mí dáadáa, o máa rí i pé mi ò tó ẹ. Ṣùgbọ́n mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù ti dákẹ́.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," Ikram wí. "Ẹ̀rù ọ̀la ń bà mí lójoojúmọ́. Jẹ́ ká jọ máa bẹ̀rù, Sàhéèdì. Ó sàn ju kí n máa dá bẹ̀rù lọ."

Láti inú ṣọ́ọ̀bù ni ohùn bàbá ti wá: "Ṣé o gbà á?"

"Mo gbà á, bàbá mi."

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n so yìgì wọn ní Ifọ̀. Àáfà Yésúfù kò jẹ́ kí télọ̀ mìíràn fọwọ́ kan aṣọ ọkọ ìyàwó. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n, òun ló gé e, òun ló sì rán an.