Èdìdì Kejì Lórí Ìṣọ̀lá

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ Arínúróde dé ìlú Òkè-Yìnyín, àwọn àgbà kọ̀, wọn ò lọ wò ó. Baálé Láléyẹ ní òun mọ Ẹni tí ń jẹ́ Arínúróde, kò sì ní wáyà lẹ́yìn. Ó ní orúkọ Ọlọ́run ni àwọn ọ̀mọ̀wé mú, tí wọ́n fi sọ irin. Ẹ̀rín pa àwọn ìjòyè. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, ilé tí kò ní ẹni tí yóò gbé lọ síbẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Orí òṣùpá ni Òkè-Yìnyín wà, lábẹ́ ìbòrí gíláàsì. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju kí wọ́n wa yìnyín nínú ihò òkùnkùn, kí wọ́n yọ́ ọ, kí wọ́n lè rí omi mu, kí wọ́n lè rí afẹ́fẹ́ mí. Iṣẹ́ náà kì í dáwọ́ dúró, oorun sì ń pa òṣìṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn awayìnyín fi ń fa ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní ojúdá símú. Ẹni tó bá fà á, ojú rẹ̀ á dá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, kò ní lè dìde bí kò bá fa òmíràn. Tó bá fi máa tó oṣù méjì, kì í dá ojú mọ́. Kí ara má baà máa gbọ̀n nìkan ni onítọ̀hún ń fà á fún.

Àga kan ni Arínúróde, ó ní akoto tí wọ́n ń dé sí aláìsàn lórí. Á ka ẹ̀jẹ̀, á ka èémí, á wá ibi tí ìfẹ́ ojúdá fìdí sí nínú ọpọlọ, á sì fi èdìdì dí ibẹ̀ pa. Èdìdì náà kì í ní àpá. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń hun bo ojú ibẹ̀, bí awọ ṣe ń bo egbò, débi pé Arínúróde pàápàá kò lè mọ̀ bí ọ̀kan bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnu ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi béèrè.

Ìṣọ̀lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Baálé bí, ni wọ́n gbé wá lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Inú ihò ni wọ́n ti bá a, ó ń lá ilẹ̀ ibi tí ojúdá dànù sí.

Dókítà Mopélọ́lá, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ náà, kúnlẹ̀ kí Baálé. Baálé yìí ló sọ ọ́ lórúkọ nígbà tí wọ́n bí i.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

"Ṣe é kíá, Mopé. Mo ní ìpàdé."

"Bàbá, òfin iṣẹ́ wa ní..." Òfin ní kí aláìsàn dá dáhùn, kí ẹbí dúró síta. Ṣùgbọ́n ọmọ ta ni yóò ní kí Baálé jáde? "Ó ní kí n wá ìjókòó fún yín, sà."

"Òfin yín gbọ́n ju bí mo ṣe rò lọ." Baálé jókòó.

Mopélọ́lá kọjú sí aláìsàn tí wọ́n ti gbé jókòó sórí àga ẹ̀rọ. "Ìṣọ̀lá, ó tó ìgbà wo tí o ti ń fà á?"

"Oṣù mẹ́ta," ni Baálé wí. "Ọ̀rẹ́ ló kó o sí i."

Ìṣọ̀lá la ẹnu. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó sì pa á dé. Ọmọ ilé ire kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti fi èdìdì dí i lórí rí?"

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Baálé mú ọmọ yìí sọ̀ kalẹ̀ lọ sáyé, ó ní ilé ìwé ló ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi èdìdì àkọ́kọ́ dí i lórí, kò sí ẹni tó gbọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, Baálé fúnra rẹ̀ ló gbé òfin kan dìde nínú ìgbìmọ̀: ẹni tó bá gba èdìdì tó tún padà sídìí ojúdá, kí wọ́n kó o sínú ọkọ̀, kí wọ́n lé e kúrò ní ìlú. Ó rò pé ìbẹ̀rù òfin yóò ṣọ́ ọmọ òun. Mopélọ́lá dìde lọ́jọ́ náà, ó ní, "Bàbá, àìsàn yìí a máa padà bí ibà. Ẹni tí ibà tún mú kì í ṣe ọ̀daràn." Baálé fèsì pé, "Ibà kì í fa nǹkan símú." Gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ mẹ́ta ni òfin yẹn ti gbé lọ. Ẹ̀kẹta ni ọmọ Ìyá Lékè, opó. Obìnrin náà yí gbirigbiri nílẹ̀ níwájú Baálé. Ohun tí Baálé sọ fún un kò ju pé, "Ìyá tó bá kọ́ ọmọ rẹ̀ kì í yí nílẹ̀."

"Rárá," ni Baálé wí. "Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò. Bí èdìdì bá gun èdìdì, kì í ṣe ìfẹ́ ojúdá nìkan ni yóò pa."

"Mo ní rárá. Àbí irọ́ ni mo ń pa fún ọ?"

Ìṣọ̀lá fi ìka gbá apá àga, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tẹjú mọ́ dókítà. Ó tún gbá a, ẹ̀ẹ̀mejì.

"Ojúdá ló ń mú un gbọ̀n," ni bàbá rẹ̀ wí.

Mopélọ́lá rí ìka, ó sì rí ojú Baálé. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí, ó sì dé akoto sí i lórí.

Kò gbà ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ. Gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Baálé rẹ́rìn-ín, ó ní irin yìí náà gbìyànjú. Wọ́n gbé omi fún Ìṣọ̀lá, omi ń ṣàn jáde létí ẹnu rẹ̀.

"Gbé e mì," ni Mopélọ́lá wí.

Ó gbé e mì. Ó wá ń dúró. Mopélọ́lá fún un ní ìkejì, kò sọ fún un pé kó gbé e mì, omi náà sì jókòó sẹ́nu rẹ̀. Ìfẹ́ ojúdá ti kú, ìfẹ́ omi, ìfẹ́ oúnjẹ àti ti oorun sì ti bá a lọ. Etí nìkan ló kù. Ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ni yóò ṣe.

Mopélọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó ti ní ọ̀kan rí."

"Mopé, mo sọ fún ọ pé..."

"Bàbá." Kò tíì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Baálé yí ojú sí i. "Kí ló dé tí o kò ní kí n jáde?"

"Ẹ̀yin ni àgbà, sà."

Ìyá Lékè wá kí wọn nílé. Ó dúró wo Ìṣọ̀lá títí. "Ó mà gbọ́ràn o, Baálé. Tèmi kì í gbọ́ràn tó báyìí." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, Baálé ló ń jí i. "Lajú. Dìde. Ya ẹnu. Rún un lẹ́nu. Gbé e mì." Lórí òkèlè kan, á sọ ọ́ títí ohùn á fi há.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Baálé fi iṣu sí i lẹ́nu, ó ní kó rún un lẹ́nu. Kó tó sọ pé kó gbé e mì, àwọn ìjòyè kanlẹ̀kùn: páìpù omi ti bẹ́ ní ìsàlẹ̀ ìlú. Ó dìde bá wọn lọ. Àríyànjiyàn lórí àtúnṣe rẹ̀ gùn. Wọ́n ti ń dín iná ìlú kù fún alẹ́ kó tó padà wọlé.

Ìṣọ̀lá wà níbi tó fi í sí. Itọ́ ti ṣàn dé àyà rẹ̀. Iṣu ti kan lẹ́nu rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó ti ń rún un láti òwúrọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti dà pọ̀ mọ́ ọn níbi tí eyín ti ń gé ahọ́n. Baálé fẹ́ ní kó gbé e mì, ohùn kò jáde.

Ọmọ náà ń rún un lọ. Ó tẹjú mọ́ ẹnu bàbá rẹ̀.