Ẹni Keje Tó Sọ Ọmọ Wa Lórúkọ

Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo fẹ́ kọ. Mi ò fi iyọ̀ sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ìwé, ọmọ lẹ́yìn mi, nítorí náà bí lẹ́tà kan bá wọ́, ẹ fojú fò ó. Ọ̀rọ̀ náà ni kò wọ́. Ọkọ mi wà níbẹ̀. Òun náà gbọ́.

Ní Ṣábẹ̀ ni, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo èèyàn máa pe ara wọn ní kamarádì. Barthélemy, ọkọ mi, ará Kétu ni; ìjọba ló gbé e wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó kó wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní Kaboua àti Ofè. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá ṣe kedere, yóò ní kí wọ́n tún un gbà. Wọ́n fún un ní yàrá kékeré kan, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ. Ó fi ẹní àti àpò òwú bo ògiri kí ohùn má baà máa ta padà.

Báfù ló kù, àpótí tí ohùn ń gbà jáde. Wọ́n kó oríṣi méjì wá láti Kútọnu kó yan ọ̀kan, kó dá èkejì padà lọ́jọ́ Ẹtì. Ojúlówó ni méjèèjì. Agbára tó ń gbé ohùn sókè wà nínú àpótí náà fúnra rẹ̀. Ọ̀kan dúdú, ó ga dé ìbàdí mi. Èkejì kéré, aláwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n ó wúwo bí ọlọ.

Èmi, ohun mìíràn ló ń bà mí lẹ́rù. Oyèlékè, ọmọ wa, ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, kò sì dáhùn ìpè rí. Kì í ṣe adití. Bí ìdérí ìkòkò bá já bọ́, ó máa ń ta gìrì. Bí ajá bá gbó, ó máa ń wò ó. Ṣùgbọ́n pe orúkọ rẹ̀: kò ní yíjú. Orúkọ mẹ́fà la sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Mo ti pe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Safiatou, aládùúgbò wa, a máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà.

"Ìyá Oyè, mínísítà lẹ bí. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ tẹ òǹtẹ̀ sí i nídìí. Bóyá á dáhùn."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wọlé, mo sunkún. Ọmọ tí kò jẹ́ orúkọ tí a sọ ọ́, ta ni í ṣe? Ṣé yóò dúró?

Lọ́jọ́rú, ọ̀sán gangan, mo gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ mi. Oyèlékè wà lẹ́yìn mi. Ọyẹ́ ń fẹ́. Kò sí ẹyẹ. Kò sí èrò lọ́nà. Inú yàrá náà tún dákẹ́ ju ìta lọ. Mo ń gbọ́ ọkàn ara mi.

"Jókòó síbí, Àyìnkẹ́. Báfù ọ̀tún, báfù òsì, ìwọ láàárín."

"Kí lẹ fẹ́ fi dán an wò?"

"Ohùn tí a mọ̀. Ohùn àjèjì kò ṣe é fi yan báfù."

Ó fi kásẹ́ẹ̀tì kan sí i. Obìnrin kan ń kàwé, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

"Ta nìyẹn?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni! Ẹ̀kọ́ kẹta tí o kà fún wa. Kò sẹ́ni tó mọ ohùn ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ."

Ó wá fi ti ìsọmọlórúkọ Oyèlékè sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Báfù ńlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Páànù òrùlé gbọ̀n. Ohùn bàbá ọkọ mi dà bí ti ẹni tó wà nínú kànga.

"Erin nínú ilé adìẹ," ni ọkọ mi wí. Ó pa á.

Ó tan ti eérú.

Mo gbọ́ bí ìyá mi ti gbé itọ́ mì kó tó sọ̀rọ̀. Ó dà bíi pé wọ́n jókòó síwájú wa. Wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ, mo ń fi ìka kà. Bàbá ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi. Bàbá mi. Ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi. Mẹ́fà. Ó parí.

Kò parí.

Obìnrin kan ń mí. Ó ń mí bí ẹni tó sáré. Lẹ́yìn rẹ̀, irin ń ha irin. Ó pe orúkọ kan.

Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí.

Ọmọ mi yíjú. Mo mọ̀ ọ́n lára: ọrùn rẹ̀ yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kọjú sí báfù eérú.

"Ẹ̀n?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dáhùn nìyẹn.

Ohùn náà tún pè é. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, kò sí mímí, kò sí irin. Ó rọra pè é ni, bí ẹni ń jí ẹni tó sùn.

Mo pariwo. Ọkọ mi fa wáyà yọ.

"Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?" mo bi í.

"Ìwọ náà wà níbẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ló sọ̀rọ̀."

Ó fi kásẹ́ẹ̀tì kan náà sí báfù ńlá. Mẹ́fà. Ó tún fi í sí i. Mẹ́fà. Ó na ọwọ́ sí ti eérú.

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe."

"Àyìnkẹ́, mi ò gbọ́ irú báfù yìí rí. Ọmọ sì dáhùn!"

"Ta ló dá lóhùn?"

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, báfù eérú wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Kútọnu. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Oyèlékè padà sí bó ti wà. Ẹ pè é, kò dáhùn.

Ọdún kan kọjá. Ọyẹ́ tún dé. Ọ̀sán gangan ni, mo ń sá ẹ̀lùbọ́ lórí àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Mo gbójú sókè. Ọmọ ti wà láàárín irin méjèèjì, ó ń ṣa òkúta. Ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ láti Parakou.

Mo sáré. "Oyèlékè!" Mo pe èkejì. Mo pe ẹ̀kẹta. Mo pe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò yíjú. Ọkọ̀ ń fọn fèrè. Awakọ̀ ń gbìyànjú láti dá a dúró, irin ń ha irin. Èémí mi ti tán.

Mo pe ìkeje.

"Ẹ̀n?"

Ó dìde, ó rìn tọ̀ mí wá. Ọkọ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Mo dì í mú. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn tó jáde lẹ́nu mi. Mímí kan náà. Irin kan náà. Èmi ni. Èmi ni mo wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí a gbà nígbà tí ọmọ jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Ọkọ mi kọ̀wé sí Kútọnu láti gba báfù eérú padà, kí a lè gbọ́ ohun tó kù níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti lọ. Wọn ò mọ ẹni tó gbé e.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tíì pe orúkọ náà. Ohùn inú báfù pè é lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì ṣì kù: èyí tó rọra, tó dà bí ìpè tí à ń fi jí ẹni tó sùn.

Oyèlékè ń sùn lórí ẹní bí mo ti ń kọ èyí. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í jí i. A máa ń jókòó tì í, a máa ń wo àyà rẹ̀, títí yóò fi jí fúnra rẹ̀.

Oorun tòní ti pẹ́ díẹ̀.